Íápíìsì olówó pọ́ọ́kú márùn-ún: èwo ló ń jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ìyá ìlù ń wí?

Ẹ gbé orin dadakúàdà kan sí fóònù, èyí tí ìyá ìlù ti dá sọ̀rọ̀ kí olórin tó yanu, kí ẹ wá fi íápíìsì gbọ́ ọ. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa tẹ́tí sí. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá ba awọ: ó yẹ kó ró gbì, kó sì panu mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìkejì ni bí ohùn ìlù ṣe ń lọ sókè lọ sódò bí onílù ṣe ń fún ọsán mọ́ra tó tún ń dẹ̀ ẹ́. Inú ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìkẹta ni ṣaworo tó wà létí ìlù: ó yẹ kó máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má bo ìlù, kó má sì pòórá. Íápíìsì tó bá ṣe mẹ́ta yìí bó ṣe yẹ, kò sí wáàsí, fújì tàbí orin àjèjì kan tó máa dà á láàmú.

Ìdí tí a fi ń fi ìlù dán íápíìsì wò ni pé ohùn ló gbé èdè wa ró. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ohùn ló pín wọn níyà, ohùn yẹn nìkan náà ni ìlù sì ní tó fi ń sọ̀rọ̀. Àárín ni ohùn yìí máa ń wà, béèsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ohùn wínníwínní wà lókè rẹ̀. Bí béèsì íápíìsì bá pọ̀ jù, ńṣe ló máa ń kún bo àárín bí omi ṣe ń bo afárá. Ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ń lu ìlù, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ohun tó ń wí.

Béèsì yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń tajà. Ẹ dé Challenge tàbí ojú ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin, ẹ ní ẹ fẹ́ íápíìsì tó dáa, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé “béèsì ẹ̀ ń gbọ̀n.” Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà kì í ṣe irọ́, ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ọ ló ń tan yín. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kọjá, ariwo tó wúwo bẹ́ẹ̀ a sì máa gbé béèsì orin mì. Èyí tí béèsì rẹ̀ pọ̀ jù ló máa wá dà bíi pé ó ṣe déédéé lójú títì, èyí tó ṣe déédéé á dà bíi pé kò lágbára. Nígbà tí ẹ bá délé, tí ilé dákẹ́, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ bọ́ sí kọ̀rọ̀ kan tó dákẹ́ kí ẹ tó dájọ́.

Márùn-ún tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni KZ ZSN Pro X, Moondrop Chu II, 7Hz Salnotes Zero, Blon BL-03 àti Final E3000. Ṣáínà ni mẹ́rin àkọ́kọ́ ti wá, Japan ni Final ti wá. Zero, Chu II àti KZ kò ju nǹkan bí dọ́là 20 lọ, Blon lè fi díẹ̀ lé e, E3000 ló wọ́n jù, nǹkan bí dọ́là 50. Dọ́là la fi kà á torí pé iye náírà kì í dúró lójú kan. Gbogbo wọn ló ní wáyà.

Kí á tó sọ ti ohùn ìkankan nínú wọn, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó sí etí ló ṣáájú. Sípíkà inú íápíìsì kéré gan-an. Àtẹ́gùn kékeré tó wà láàárín rẹ̀ àti ìlù etí ló ń tì tó ń fà, òun la ń gbọ́ bíi béèsì. Bí rọ́bà tó wà lẹ́nu íápíìsì kò bá dí ihò etí pinpin, àtẹ́gùn yẹn á máa sá jáde, béèsì á bá a lọ, ohùn òkè tó kù á wá máa gún etí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé íápíìsì kan “ń ta bí agolo”, rọ́bà tí kò bá etí wọn mu ni wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sun láìmọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ gbé orin tó ní béèsì sí i, kí ẹ wá fi ìka tẹ íápíìsì sínú díẹ̀, láì fipá. Bí béèsì bá pọ̀ sí i lójijì, tó tún dínkù nígbà tí ẹ yọwọ́, ó ń jò. Ẹ gbé rọ́bà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Bí kò bá yí padà rárá, ó ti dí. Ẹ dán apá ọ̀tún àti apá òsì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ihò etí méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Rọ́bà ńlá lè bá ọ̀tún mu kí ti àárín bá òsì mu, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó dájú lè wá ohùn 50 Hz (ohùn béèsì tó lọ sílẹ̀ gan-an) lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó gbé e sí i díẹ̀díẹ̀: ó yẹ kó dún bákan náà létí méjèèjì. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tó ń jò.

Ọ̀nà tí à ń gbà tì í bọ etí náà ṣe pàtàkì. Ihò etí àgbàlagbà kì í ṣe ihò tó tọ́, ó ní ibi tó ti tẹ̀ nínú. Ẹ na ọwọ́ òsì gba ẹ̀yìn orí, kí ẹ fi di etí ọ̀tún mú lókè, kí ẹ fà á sókè àti sẹ́yìn díẹ̀, ihò á là. Ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti íápíìsì bọ̀ ọ́, kí ẹ máa yí i díẹ̀ bó ṣe ń wọlé, kí ẹ tó fi etí sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òsì náà. Irú KZ, Chu, Zero àti Blon, wáyà wọn gbọ́dọ̀ gba òkè etí kọjá sẹ́yìn. Ẹni tó bá jẹ́ kó já wálẹ̀ níwájú, ńṣe ló máa máa yọ. E3000 ní tirẹ̀ dà bí ọta ìbọn kékeré, ó lè já wálẹ̀ tààrà, ó sì ṣeé gbé gba òkè etí náà.

Bí ẹ bá gbọ́ “kẹ́rẹ́” nígbà tí ẹ ń ti i wọlé, ẹ má jáyà. Àtẹ́gùn tó há ló tẹ awọ sípíkà. Ẹ fà á jáde díẹ̀, kí ẹ tún un tì wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Rọ́bà sílíkọ́ọ̀nù ló wọ́pọ̀ jù, ó sì rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n nígbà oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà, tí òógùn bá ti wọ etí, a máa yọ̀. Èyí tó jẹ́ fóòmù ni pé ẹ ó fi ìka méjì yí i títí á fi tín-ín-rín, ẹ ó tì í bọ etí kíákíá, ẹ ó sì fọwọ́ dì í mú fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kó lè wú padà. Òun ló ń dí ariwo jù. Ó ń gé ohùn òkè díẹ̀, ó sì máa ń gbó láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń yan: íápíìsì tí ṣaworo rẹ̀ pọ̀ jù, fóòmù lè tù ú lójú, èyí tí ṣaworo rẹ̀ ti ń sọnù tẹ́lẹ̀, fóòmù á pa á tán. Fífẹ̀ ẹnu rọ́bà náà ní ohun tó ń ṣe. Ẹnu tó fẹ̀ máa ń jẹ́ kí ohùn òkè là, ẹnu tó kéré a máa gbé béèsì síwájú.

Ó wá kan àwọn tí a ń wí.

KZ ZSN Pro X ní sípíkà méjì lápá kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan jẹ́ 10 mm fún béèsì àti àárín, ìkejì jẹ́ irú sípíkà kékeré tí wọ́n ń pè ní balanced armature, fún ohùn òkè. Wọ́n gbé ìsàlẹ̀ ga, wọ́n gbé òkè ga, àárín wá rì. Lórí fújì òde òní, tó ní gìtá béèsì àti kíbọ́ọ̀dù, inú ẹni á dùn sí i. Ẹ wá gbé e sí ìyá ìlù. Kọ̀ǹgọ́ ró dáadáa, ó tilẹ̀ ń bani láyà, ṣùgbọ́n ṣaworo ti bọ́ síwájú onílù fúnra rẹ̀, ohùn tó ń sọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Lórí wáàsí, lẹ́tà “s” àti “ṣ” máa ń ta gún etí, lẹ́yìn wákàtí kan ó ń súni. Àwo àtijọ́, irú èyí tí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú ṣe nígbà ayé rẹ̀, ló ń jìyà jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn àárín ló kún inú irú àwo bẹ́ẹ̀, kò sí béèsì jíjìn níbẹ̀ tí KZ máa gbé ga, ariwo ṣììì tó wà lábẹ́ orin ló wá ń gbé jáde. Jíjókòó rẹ̀ sí etí ni mo yìn jù: ara rẹ̀ tẹ̀ mọ́ kòtò etí, ó ń dí ariwo ọkọ̀ dáadáa. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀ffà lójoojúmọ́, tó sì fẹ́ orin tó le, á jẹ àǹfààní rẹ̀.

Moondrop Chu II jìnnà sí èyí. Sípíkà kan ṣoṣo ló ní, 10 mm. Àárín ló fi ṣe olórí. Ìyá ìlù sọ̀rọ̀ níbí, ó sì yéni: bí ọsán ṣe ń fún tí ohùn sì ń gòkè, a lè tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a tún ń gbọ́ omele lọ́tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Béèsì rẹ̀ ju ti Chu àkọ́kọ́ lọ, àwọn tó sọ pé ti 2022 yẹn gbẹ á sì rí ìyàtọ̀. Ara irin kékeré ni, ó bá etí kékeré mu. Ohun méjì wà láti mọ̀. Chu àkọ́kọ́ ní rọ́bà Spring Tips nínú páálí rẹ̀, rọ́bà tó dáa gan-an. Chu II kò ní in, rọ́bà lásán ni wọ́n fi sí i, ó sì yẹ kí ẹ ní òmíràn nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà Chu àkọ́kọ́ kò ṣeé yọ, bó bá já, ó parí. Ti Chu II ṣeé yọ, ẹnu rẹ̀ pàápàá ṣeé tú kí ẹ pààrọ̀ àwọ̀n tó wà níbẹ̀ bí ìdọ̀tí etí bá dí i. Fún àwa tí kò sí ilé àtúnṣe íápíìsì ládùúgbò wa, ìyẹn ju ìyàtọ̀ ohùn kékeré lọ.

7Hz Salnotes Zero súnmọ́ Chu II lóhùn, ó mọ́ kedere, béèsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, kì í gòkè wá da àárín láàmú. Kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ kò ní ẹran lára tó ti Chu II, bíi pé onílù ń fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ lù ú. Fún wáàsí, tàfúsírù inú Ràmàdán àti ìròyìn, òun la fi síwájú gbogbo wọn: ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà gbangba, kò sí ohun tó ń gún etí, ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ara yẹn fẹ̀ díẹ̀ ṣá, ó lè máa tẹni létí bí kòtò etí bá kéré.

Blon BL-03 ni ìtàn rẹ̀ jọ ti ọmọ tó gbọ́n tí wọn ò rán nílé ìwé. Ohùn rẹ̀ lọ́ràá, ó móoru, ìyá ìlù ní ara nínú rẹ̀ ju nínú Zero lọ, ohùn obìnrin tó ń kọ wákà ń dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kúrú jù. Rọ́bà inú páálí rẹ̀ kì í jẹ́ kó dé ibi tó yẹ kó dé, ó ń jò, ó ń yọ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ á ní kò dáa. Rọ́bà tó gùn ju tirẹ̀ lọ ló ń wò ó sàn. Èyí tó rọrùn jù láti rí ni rọ́bà KZ fúnra rẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ ní ìlà. Bí ẹnì kan nílé bá ní ZSN Pro X, ẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ju Blon nù. Ara irin ni, ó wúwo díẹ̀, ìdí mìíràn tó fi ń yọ bí rọ́bà kò bá dì í mú.

Final E3000 kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Sípíkà rẹ̀ kò ju 6.4 mm lọ, ara rẹ̀ kéré gan-an, rọ́bà márùn-ún láti SS dé LL ló sì bá a wá. Agbára káká ni ẹnì kan máa fi ní kò sí èyí tó bá etí òun mu. Ohùn rẹ̀ rọ̀, béèsì rẹ̀ jinlẹ̀ láì le. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń yéni, àmọ́ ṣaworo ti lọ jìnnà, ó dà bíi pé aṣọ bò ó. Ẹ má fi fóòmù sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ojú àwọ̀n tí àtẹ́gùn ń gbà, nítorí náà kò ń dí ariwo: ti inú yàrá àti ti orí ibùsùn ni, kì í ṣe ti inú bọ́ọ̀sì. Agbára tó sì ń fẹ́ pọ̀ ju ti àwọn yòókù, ẹ ó gbé fólúùmù sókè síwájú sí i.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù yẹ kó jáde lọ́tọ̀, torí àwọn tó ń dán íápíìsì wò kì í sábà kà á sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ nǹkan láti Tánkè dé inú ọgbà Unilorin ló wọ̀ ọ́. Híjáàbù máa ń ti íápíìsì mọ́ etí. Zero tó fẹ̀ àti Blon tó wúwo á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni ní ẹ̀gbẹ́ kòtò etí láàárín wákàtí kan. Chu II fara dà á, E3000 kò tilẹ̀ mọ̀ pé aṣọ wà lórí òun. Aṣọ tún máa ń ha wáyà, híha náà á gba inú wáyà dé etí bíi kíkù. Gbígbé wáyà gba òkè etí ń dín in kù gan-an, bí bọ́tìnnì tó ṣeé sún bá sì wà lórí wáyà, kí ẹ fi fún un pọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ máa pè, máìkì tó bá wà lábẹ́ aṣọ ń mú ohùn dàbí ohùn ẹni tó wà nínú àpótí: ẹ fà á jáde.

Ní ti wáyà: Chu II, Zero àti Blon ń lo pín-ìn méjì 0.78 mm, KZ ń lo 0.75 mm. Bí ẹ bá fipá ti wáyà 0.78 bọ KZ, ihò rẹ̀ á fẹ̀, wáyà tirẹ̀ gan-an kò sì ní dúró mọ́. Tí ẹ bá ń dá wáyà padà, ẹ rí i pé ibi tó ti tẹ̀ kọjú sí etí lápá méjèèjì. Bí apá kan bá yí sódì, ẹ ó ṣì máa gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n béèsì á parẹ́, ohùn olórin tó yẹ kó dúró láàárín orí á fọ́n káàkiri. Àwọn kan ti sọ íápíìsì nù nítorí èyí nìkan. Fóònù tí kò ní ihò 3.5 mm nílò okùn Type-C. Èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà kì í ní DAC nínú, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ orin inú fóònù di ohùn, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì ní dún rárá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó ní DAC, kí ẹ dán an wò lórí fóònù tiyín níbẹ̀.

Bí apá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìdọ̀tí etí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí ṣáájú sípíkà. Ẹ yọ rọ́bà, ẹ fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ dojú ẹnu íápíìsì kọlẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ gbọn àwọ̀n rẹ̀, kí ìdọ̀tí já sílẹ̀ dípò kó wọ inú. Kí omi má kan àwọ̀n, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ẹ ṣọ́ra fún fólúùmù nígbà tí ẹ bá ń fi méjì wéra. Èyí tó bá fi díẹ̀ lé lókè ni etí máa ń sọ pé ó dáa jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló burú. Bí ẹ bá gbé KZ kúrò tí ẹ gbé E3000 sí i láì tún fólúùmù ṣe, E3000 á pàdánù kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe ìwọ̀n, kí ohùn yẹn dọ́gba nínú méjèèjì, kí ẹ tó gbé ìlù sí i. Ìlànà tí WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti ITU (àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé) gbé jáde ní 2019 ni pé kí àgbàlagbà má kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ní 80 desibẹ́ẹ̀lì, kí ọmọdé má kọjá 75. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi 3 kún un, àkókò á já sí ìdajì. Rọ́bà tó dí pinpin ló ń jẹ́ kí èèyàn lè gbọ́ràn nínú bọ́ọ̀sì láì gbé e sókè.

Ẹni tó bá ń rà á lójúkojú ní ṣọ́ọ̀bù, kó má sanwó kó tó ṣe mẹ́rin yìí: kó gbọ́ apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó wo L àti R bóyá wọ́n bá ibi tí ohùn ti ń jáde mu, kó fi ọwọ́ mi wáyà níbi ìdí jáàkì àti ibi tó ti pín sí méjì nígbà tí orin ń lọ, torí ibẹ̀ ló ń já jù, kó sì ka rọ́bà inú páálí. Bí ohùn bá ń já lẹ́ẹ̀kan péré níbi tó ti ń mì ín, kó dá a padà fún ọlọ́jà, kó béèrè òmíràn.